Mo jẹ lánlọ́ọ̀dù lówó ilé oṣù mẹ́jọ, iṣẹ́ ò sí: ṣé àìnígbàgbọ́ ni tí mo bá lọ bẹ̀ ẹ́?

Bàbá Ìfẹ́ (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀), ọjọ́ Ajé, aago 4:50 ìdájí

Ẹ kú ìdájí o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í dá sí i. Ṣùgbọ́n omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ẹni ọdún 43 ni mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò ní sítọ̀ ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike lágbègbè Ọ̀gbà. Oṣù kejì ọdún yìí ni wọ́n pe àwa mẹ́rìndínlógún wọlé, wọ́n ní ọjà ò lọ, wọ́n fún oníkálukú ní lẹ́tà pẹ̀lú owó oṣù kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rìn. Gbogbo ibi tí mo dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ẹ fi CV yín sílẹ̀, a máa pè yín." Fóònù mi ò sì bàjẹ́ o.

Yàrá méjì àti pálọ̀ la ń gbé ní Ayọ̀bọ̀, ₦500,000 lọ́dún. Oṣù kẹta lowó ilé parí, a ti wọ oṣù kọkànlá báyìí. Lánlọ́ọ̀dù wa kì í ṣe èèyàn burúkú. Bàbá àgbà tó ti fẹ̀yìntì ni, òkè ló ń gbé, àwa wà nísàlẹ̀. Ohun tó tún jẹ́ kó le nìyẹn. Tí mo bá ti gbọ́ ìró sílípáàsì bàbá lórí àtẹ̀gùn, màá yára pa iná. Ìfẹ́, ọmọ mi tó kéré jù, ti mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dákẹ́ báyìí, kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Àkàrà tí ìyàwó mi ń dín láàárọ̀ la fi ń jẹun. Mo ti gbààwẹ̀ ọjọ́ 21, mo tún gba ọjọ́ méje. Nínú owó oṣù kan tí wọ́n fún mi, mo fi ₦60,000 gbin irúgbìn níbi àìsùn kan, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ní kí n tó ka ọgbọ̀n ọjọ́, iṣẹ́ á pè mí. Mo tún yá ₦30,000 lórí áàpù fóònù. Nígbà tí n ò rí i san, wọ́n fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù mi, wọ́n kọ "olè" sí i. Ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kúáyà wa. Láti ọjọ́ yẹn n ò dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Mo ń sọ fún ìyàwó mi pé orúnkún ló ń dùn mí.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, bàbá fi ìwé sábẹ́ ilẹ̀kùn: oṣù kan péré, ká kó jáde. Ìyàwó mi ní ká lọ bẹ̀ wọ́n. Èmi ń rò ó pé mo ti sọ fún Ọlọ́run, tí mo bá tún lọ wólẹ̀ fún èèyàn, kí ni mo gbà gbọ́? Jeremáyà 17 ní ègún ni fún ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ènìyàn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má bú mi, mo ti bú ara mi tó.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà

Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Ìfẹ́. A ò ní í bú yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìgbà kan wà tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa kò san owó oṣù fún ọkọ mi, olùkọ́ ni. Oṣù dogún, oṣù dọgbọ̀n, àbọ̀ owó ni wọ́n ń san nígbà tí wọ́n bá tiẹ̀ san án. Ọkọ mi ń gbàdúrà, ó sì ń sá. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé bí olè. Ọjọ́ kan ni mo bí i pé, "Ọlọ́run tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ lóru, ṣé òun ló ní kí ẹ máa gba ẹ̀yìnkùlé?"

Ẹ lọ ka Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 4. Opó yẹn, ọkọ rẹ̀ bẹ̀rù Olúwa, Bíbélì ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì kú pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn. Ẹ ò rí i pé gbèsè kì í ṣe ẹ̀rí pé èèyàn ò nígbàgbọ́? Olówó fẹ́ kó ọmọ méjèèjì lẹ́rú. Kí lobìnrin náà ṣe? Ó ké sí Èlíṣà. Èèyàn ni Èlíṣà. Èlíṣà ò sì kọ́kọ́ gbàdúrà, ìbéèrè ló bi í: kí lo ní nínú ilé? Ó ní òun ò ní nǹkan kan, àfi ìkòkò òróró kan. Èlíṣà wá ní kó lọ yá ìkòkò lọ́wọ́ gbogbo aládùúgbò, kó má sì yá díẹ̀. Ẹ ronú sí i wò: ta ni kò ní í mọ̀ lágbègbè yẹn lọ́jọ́ náà pé nǹkan ń ṣe lágbo ilé opó? Ìtìjú rẹ̀ ló kọ́kọ́ tà kó tó ta òróró.

Ẹ lọ bá bàbá.

Onígbàgbọ́ Pọ́ńbélé

Èmi ò gbà pẹ̀lú ẹ̀yin tí ẹ ń ti arákùnrin yìí sọ́dọ̀ èèyàn. Ìgbàgbọ́ tó ń gbọ̀n là ń wò yìí. Ẹ rántí Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá. Ní 1928, iṣẹ́ ìjọba òyìnbó ló wà lọ́wọ́ wọn, ọkọ̀ tó ń tẹ títì mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wà. Wọ́n fi í sílẹ̀ nígbà tí Olúwa pè. Ta ni wọ́n lọ bẹ̀? Ní 1930, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òkè Oòyè ní Iléṣà, bí èrò ṣe wọ́ tẹ̀ lé wọn. Bàbá Ìfẹ́, ẹ dúró níbi tí ẹ wà.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà

Sà, Wòlíì ni Olúwa pè kúrò níbi iṣẹ́. Bàbá Ìfẹ́, máníjà ló pè é. Ìpè méjèèjì ò jọra.

Ọmọ Lánlọ́ọ̀dù

Ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún apá kejì, torí kì í sẹ́ni tó ń ro tiwa.

Bàbá mi ní ilé oníyàrá mẹ́fà. Olùkọ́ ni wọ́n, wọ́n fẹ̀yìntì, owó ilé yẹn ni wọ́n fi ń ra oògùn ìfúnpá. Ẹ̀yin ayálégbé máa ń rò pé gbèsè ló ń dun lánlọ́ọ̀dù jù. Irọ́ ni. Ohun tó ń dùn wọ́n ni kí wọ́n gbọ́ pé ẹ wà nínú ilé, kí ẹ sì pa iná. Bàbá mi máa ń sọ ọ́ pé, "Wọ́n sọ mí di ọ̀gbẹ́ni tí wọ́n ń sá fún nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́."

Ohun kejì, ẹ má fi Ọlọ́run dáhùn gbèsè. Ayálégbé wa kan wà, gbogbo ìgbà tí bàbá bá béèrè, "Lágbára Ọlọ́run, ọjọ́ Ẹtì." Ọjọ́ Ẹtì á kọjá. "Ọlọ́run á ṣe é." Ìyá mi wá sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Ọlọ́run kọ́ ló yalé lọ́wọ́ wa." Ẹni tó wí fún wa pé, "Bàbá, iṣẹ́ ti bọ́, ₦20,000 ni mo rí, oṣù tó ń bọ̀ mo lè rí ₦20,000 mìíràn, ₦50,000 ò dá mi lójú," ẹni yẹn ṣì ń gbé lọ́dọ̀ wa di òní. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin.

Nítorí náà: ẹ lọ pẹ̀lú ìyàwó yín. Ẹ mú nǹkan dání, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹ sọ iye tí ẹ lè san, kì í ṣe iye tí ẹ fẹ́ kí ó dùn mọ́ bàbá nínú. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí i. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Akọ̀wé Kóòtù Tó Fẹ̀yìntì

N kì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n ọdún 28 ni mo fi gbé fáìlì ní kóòtù májísíréètì, mo sì rí ẹjọ́ ilé tó pọ̀ ju irun orí mi lọ (irun náà ò pọ̀ mọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín).

Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ló de Ayọ̀bọ̀. Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà nìkan ni kò dé. Tó bá jẹ́ ọdọọdún lẹ ń san owó, tí ìwé àdéhùn yín ò sì sọ nǹkan mìíràn, ìwé oṣù mẹ́fà ló yẹ kí bàbá fún yín, kì í ṣe oṣù kan. Tíyẹn bá parí, ìwé ọjọ́ méje ló kàn, láti fi tó yín létí pé wọ́n ń lọ sí kóòtù. Kóòtù nìkan ló lè ní kí ẹ jáde. Lánlọ́ọ̀dù tó bá yọ páànù, tó ti ilẹ̀kùn pa tàbí tó kó ẹrù síta fúnra rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin yẹn: owó ìtanràn tó lè tó ₦250,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ mi yìí lọ síwájú bàbá bí ẹni gbé àdá. Mo ti rí i tí ayálégbé mọ òfin tán, tó fi bú lánlọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni àánú ti parí. Òfin ò pa gbèsè rẹ́. Gbogbo oṣù tí ẹ bá fi wà níbẹ̀ ni wọ́n máa ṣírò lé yín lórí. Tí ọ̀rọ̀ bá ṣòro fún ẹ̀yin méjèèjì láti bá ara yín sọ, ìjọba ìpínlẹ̀ ní Citizens' Mediation Centre. Wọn á pe ẹ̀yin méjèèjì, wọn á bá yín ṣe àdéhùn, wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Sístà Adùn

Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ₦60,000 yẹn ni? Ó dáa, èmi á sọ ọ́.

Ẹni tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní ọmọ nílé, tó jẹ owó ilé, ẹ gba ₦60,000 lọ́wọ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ, ẹ sì dá ọjọ́ fún Ọlọ́run. Inú ń bí mi. Jésù rí opó tó ju owó idẹ méjì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé orí ìtàn yẹn nínú Máàkù 12, ẹ ka ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀, níbi tó ti bá àwọn akọ̀wé wí pé wọ́n ń jẹ ilé àwọn opó run.

Bàbá Ìfẹ́, ẹ ò ṣe Ọlọ́run ní búburú. Ṣùgbọ́n ẹ má tún gbin irúgbìn kankan títí ẹ ó fi san owó ilé. Kí ẹ sì ka àkàrà ìyàwó yín mọ́ ìdáhùn àdúrà. Ẹ kọ "àkàrà la fi ń jẹun" bí ẹni pé nǹkan ìtìjú ni. Aago mélòó ló ń jí lọ ẹ̀wà?

Ajíhìnrere Ìpájà

Sístà Adùn, mo gbà. Àwa tó wà lórí pẹpẹ lẹ̀bi wà lọ́rùn wa, mo sì mọ àwọn tó ń ṣe é.

Bàbá Ìfẹ́, ẹ lọ bá alàgbà tó ń mójú tó àánú nínú ìjọ yín. Ọ̀pọ̀ ìjọ ní owó àánú tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè. N ò ní í parọ́ fún yín, owó yẹn kì í pọ̀. Nínú ìjọ tiwa, a lè rí ₦30,000 fún ẹnìkan, a lè rí àpò ìrẹsì. Ṣùgbọ́n alàgbà tó bá tẹ̀ lé yín lọ sọ́dọ̀ lánlọ́ọ̀dù tó ₦100,000.

Orúnkún yín ò dùn yín. Ẹ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó gba fọ́tò yẹn mọ irú iṣẹ́ tí àwọn áàpù yẹn ń ṣe.

Onígbèsè Àtijọ́

Lórí áàpù: ẹ má yá tuntun san ti àtijọ́ láéláé. Mo yá ìkíní, mo yá ìkejì láti fi san án, mo dé orí ìkeje. Òwe Sólómọ́nì ní ẹni tó yá owó di ìránṣẹ́ ẹni tó yá a. Ìránṣẹ́ ẹnìkan ṣoṣo nìyẹn o. Tèmi, ọ̀gá méje ni mo ní. Ẹ ya àwòrán gbogbo ọ̀rọ̀ èébú tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ fi sùn wọ́n ní FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà. Kí ẹ sì yọ áàpù náà kúrò, àmọ́ ẹ san owó tí ẹ yá gan-an.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, ohun kan ló ń yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó mú un. Ìyá Ìbejì ní Èlíṣà béèrè pé kí lẹ ní nínú ilé. Bàbá Ìfẹ́, ọdún mọ́kànlá lẹ lò níbẹ̀. Ṣé wọ́n ń yọ owó ìfẹ̀yìntì nínú owó oṣù yín?

Bàbá Ìfẹ́

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ń ka á, omi ń bọ́ lójú mi. Ìyàwó mi, aago mẹ́ta ààbọ̀ ló ń jí.

Akọ̀wé, wọ́n ń yọ nǹkan kan ní òótọ́, ó máa ń hàn nínú ìwé owó oṣù. Ṣùgbọ́n owó arúgbó nìyẹn, àbí? Mo rò pé ó di ìgbà tí mo bá pé ọgọ́ta.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Ìkòkò òróró yín nìyẹn o!

Ẹ gbọ́. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014: ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ nínú owó oṣù yín, ilé iṣẹ́ á fi ìdá mẹ́wàá kún un, ó ń lọ sínú àpò kan tó ń jẹ́ RSA, orúkọ yín ló wà lórí rẹ̀. Òfin kan náà sọ pé ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn fún oṣù mẹ́rin, lè gba tó ìdámẹ́rin owó tó wà nínú àpò náà. Ẹni ọdún 43 ni yín. Oṣù kẹsàn-án rèé láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́. Ó ti tó yín láti oṣù kẹfà.

Ẹ wá ìwé owó oṣù àtijọ́. Nọ́ńbà kan máa wà níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà, PFA ni wọ́n ń pè é, á wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ lọ sí ẹ̀ka wọn fúnra yín, ẹ mú lẹ́tà tí wọ́n fi dá yín dúró, káàdì ìdánimọ̀ àti BVN. Ẹ má gba ẹnikẹ́ni láyè láti bá yín ṣe é láti ẹ̀gbẹ́ títì pé òun á gba ìpín. Ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ yọ owó yín, kò sì fi ránṣẹ́. Ó wọ́pọ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ sì rántí pé ohun tí ẹ bá yọ báyìí ti kúrò nínú tọjọ́ ogbó nìyẹn, nítorí náà owó ilé ni kí ẹ fi san, kì í ṣe ọkọ̀ Máruwá tí ẹnìkan máa wá fi lọ̀ yín.

Sístà Adùn

Ẹ dákun, ìdámẹ́rin owó ìfẹ̀yìntì tí mo gbọ́ pé wọ́n ń fún èèyàn lórí ọ̀rọ̀ ilé, ṣé òun náà nìyí?

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Rárá. Ti ẹni tó fẹ́ fi gba owó yíyá ra ilé nìyẹn. Kò kan owó ilé gbígbé.

Onígbàgbọ́ Pọ́ńbélé

N ò yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí ìgbàgbọ́ o. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìfẹ́, sítọ̀ ni ẹ ní ẹ ṣe? Àbúrò mi ń ta sìmẹ́ńtì ní Ìyànà Ìpájà, ọmọ tó ń bá a kọ ìwé ọjà ti lọ. Owó rẹ̀ ò pọ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹrùpẹ̀ sìmẹ́ńtì á bò yín. Ẹ fi nọ́ńbà yín sínú àpótí ọ̀rọ̀ mi, ẹ má kọ ọ́ síta gbangba níbí.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà

Ah! Pọ́ńbélé, ẹ̀yin náà dà bí èèyàn tí wọ́n ń bẹ̀. 😂

Bàbá Ìfẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà

Mo ní kí n padà wá jíṣẹ́.

A gun òkè lọ bá bàbá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú: èmi, ìyàwó mi, àti alàgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mi gba àjọ rẹ̀ ṣíwájú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ̀ǹda kó kó o, ₦50,000 ni a gbé lọ. Mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí, ó fò lọ tán bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀. Mo kàn sọ pé, "Bàbá, mo ti ń pa iná fún yín láti bí oṣù mélòó kan. Ẹ forí jì mí." Bàbá ò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Mo mọ̀. Ìyàwó mi máa ń ní ká má sọ̀kalẹ̀, kí ọmọ yẹn lè kàwé."

N ò lè sọ bó ṣe rí lára mi.

Wọn ò ya ìwé náà o. Wọ́n ní kó ṣì wà nílẹ̀. A ṣe àdéhùn ₦30,000 lóṣooṣù, alàgbà fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Bí mo bá pa oṣù méjì jẹ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun. Mo rí i pé ó tọ́.

PFA: nọ́ńbà mi wà. Owó wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, ti ọdún méjì ìgbẹ̀yìn ò wọlé rárá, Akọ̀wé, ẹ sọ ọ́. Mo ti fi ìwé sílẹ̀ fún ìdámẹ́rin. Wọ́n ní kí n máa retí. Tó bá jáde, kò lè san gbogbo gbèsè, ṣùgbọ́n ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì rẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí PenCom lórí ti ọdún méjì.

Mo wà nídìí sìmẹ́ńtì. Ọ̀gá mi kì í rẹ́rìn-ín, bíi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. (Sà, mo ń ṣeré ni.)

Mo padà sí kúáyà. Ọ̀gá kúáyà ní òun pa fọ́tò yẹn rẹ́ lọ́jọ́ tó wọlé, pé tèmi kọ́ ni àkọ́kọ́, ẹnìkan tó ń kọ báàsì náà ti wà nínú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Èwo nínú wọn ni, kò sọ. Nígbà tí a ń kọrin ni mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àdúrà mi ò tíì gba bí mo ṣe gbà á. Iṣẹ́ tí mo béèrè kọ́ ni mo ń ṣe. Mo ṣì ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́rú, ṣùgbọ́n n kì í dá ọjọ́ fún un mọ́.

Ọmọ Lánlọ́ọ̀dù

Ẹ bá mi kí bàbá yẹn. Ẹ má pa oṣù kankan jẹ o.

Tolú Agége

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi náà, oṣù karùn-ún rèé tí iṣẹ́ ti bọ́. Ẹnu ni wọ́n fi lé mi, wọn ò fún mi ní lẹ́tà kankan. Ṣé PFA á gbà mí bẹ́ẹ̀?

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Wọn máa béèrè lẹ́tà. Padà lọ sí ilé iṣẹ́ yẹn, kọ̀wé béèrè fún un, jẹ́ kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ pé wọ́n ti gbà á. Tí wọ́n bá kọ̀, mú ẹ̀dà yẹn pẹ̀lú ìwé owó oṣù rẹ lọ bá PFA, béèrè ohun tí wọ́n lè gbà dípò. Lọ lọ́la, má dúró di ọjọ́ Ajé.